Ta ló ní Yúróòpù ò jagun fún ọgọ́rùn-ún ọdún?

Mo tún rí i lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnì kan kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n rẹ́yìn Napoleon, olú ọba Faransé, àwọn ọba Yúróòpù péjọ sí Vienna ní Ọ́stríà, wọ́n jó, wọ́n jẹ, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n fọwọ́ síwèé ní June 1815, ni kò bá sógun mọ́ títí dé 1914, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Àwọn èèyàn wá ń kọ sábẹ́ ẹ̀ pé ẹ ò rí i bí òyìnbó ṣe máa ń parí ìjà. Hmn. Ìwé yẹn gan-an, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọ́n bá Napoleon tó ti padà wá ja ogun Waterloo.

Ẹ jọ̀ọ́, Florence Nightingale tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ní pírámárì, tó gbé àtùpà dání yẹn, kí ló ń wá láàárín àwọn sọ́jà tó fara gbọgbẹ́? Ogun Crimea ni o, 1853 sí 1856, Rọ́síà lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé àti Tọ́kì lápá kejì, àìsàn sì pa wọ́n ju ìbọn lọ. Red Cross ńkọ́? Oníṣòwò ará Switzerland kan, Henry Dunant, ló dé Solferino ní Ítálì ní June 1859, ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́jà tó gbọgbẹ́ lójú ogun nílẹ̀ tí wọn ò rẹ́ni fún wọn lómi mu, ohun tójú ẹ̀ rí níbẹ̀ ló bí Red Cross ní 1863. Ṣé àsìkò àlàáfíà lèèyàn máa ń ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni? Mi ò tíì ka Prussia, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba Jámánì, tó na Denmark ní 1864, tó na Ọ́stríà ní 1866, tó wá yí Paris ká ní 1870 títí tí wọ́n fi ń pa ẹṣin àti eku jẹ nínú ìlú.

Ká má parọ́ mọ́ wọn ṣá. Láti 1815 títí di ogun Crimea, Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́síà, Ọ́stríà, Prussia àti Faransé ò kọjú ìbọn síra wọn, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún. Lójú tèmi, ohun tó fà á ni pé wọn ò tẹ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun mọ́lẹ̀ pátápátá. Talleyrand tó ṣojú Faransé ń bá wọn jiyàn ní Vienna bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n nà, kódà ní January 1815 òun àti Gẹ̀ẹ́sì àti Ọ́stríà ti mulẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ pé tí Rọ́síà àti Prussia bá fagídí lórí ọ̀rọ̀ Poland àti Saxony, àwọn á jọ dojú kọ wọ́n. Lẹ́yìn Waterloo, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 700 franc lé Faransé, wọ́n sì ní kí sọ́jà 150,000 lọ jókòó tì í fún ọdún márùn-ún, àmọ́ 1818 ni wọ́n ti kó wọn kúrò, wọ́n gbà á padà sínú ìpàdé àwọn àgbà. Ẹ wá fi wé 1871, tí Jámánì gba Alsace àti apá kan Lorraine, tó gba bílíọ̀nù márùn-ún franc, tó tún lọ fi ọba ẹ̀ joyè olú ọba nínú ààfin Versailles ní Faransé, nílé onílé!

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ ogójì ọdún yẹn. Ní 1819 akẹ́kọ̀ọ́ kan gún òǹkọ̀wé eré kan tó ń jẹ́ Kotzebue pa, ohun tí Metternich, mínísítà Ọ́stríà, ń wá nìyẹn, ló bá kó àwọn ìjọba Jámánì jọ sí Carlsbad. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé ìwé tí ò bá ju ojú-ìwé 320 lọ, ìjọba gbọ́dọ̀ kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ò nílò ìyẹn, torí mẹ̀kúnnù ò lówó tó máa fi rà á. Ni àwọn òǹkọ̀wé bíi Heine, akéwì Jámánì, bá ń wá bí ìwé wọn ṣe máa sanra. Ní 1820, ọlọ́pàá Vienna já wọ yàrá akéwì kan tó ń jẹ́ Johann Senn, wọ́n bá Schubert olórin níbẹ̀. Wọ́n bá Schubert wí, wọ́n fi í sílẹ̀, àmọ́ Senn lo ju ọdún kan lọ lẹ́wọ̀n, wọ́n tún lé e kúrò nílùú. Àwọn tó ń yin Vienna ìgbà yẹn fún orin inú pálọ̀ àti píánò, ẹ rántí pé kò sẹ́ni tó máa mú yín torí orin odò àti òdòdó.

Ti òwò ẹrú ló ká mi lára jù. Ní February 8, 1815, ní Vienna níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé òwò yẹn burú, wọn ò dá ọjọ́ tó máa dópin. Potogí ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn ní January pé òun ò ní ra ẹrú mọ́ ní ìhà àríwá ilà tó pín ayé sí méjì, ìhà yẹn sì ni Èkó wà. Ní 1821 wọ́n kó ìlú Òṣogùn, wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, nígbà tó fi máa di April 1822 ó ti wà nínú ọkọ̀ Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n, ó kó wọn lọ sí Freetown, òun ló wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ẹrú tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò tẹ̀, Bahia ní Brazil ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ sì làwọn Nàgó, àwọn èèyàn wa, ti gbé ohun ìjà sójú títì ní January 1835, nígbà tí àlàáfíà yẹn ń lọ sí ogún ọdún.