Kí Google Tó Gbé Àyọkà Wa Jáde

Àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tí wọ́n ń kọ àyọkà sórí Wikipedia lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ráhùn pé àwọn á fi òru kọ̀wé nípa àdúgbò àwọn, ṣùgbọ́n bí àwọn bá wá a lórí Google, àwọn kì í rí i. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìlara wọn. Bí ẹni tí ìkànnì náà kò tíì fọkàn tán bá dá àyọkà tuntun sílẹ̀, àmì kan yóò wà lára rẹ̀ tí ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ ìwárí pé kí wọ́n má tíì gbé e jáde, títí olùyẹ̀wò kan yóò fi kà á tí yóò sì fọwọ́ sí i, tàbí títí 90 ọjọ́ yóò fi pé.

A fara mọ́ ìdádúró yìí. Láti ọdún 1859 tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn ní ìlú yìí ni a ti mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ aráyé.

Ọ̀rọ̀ 90 ọjọ́ yẹn ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ó bá ti pé, ilẹ̀kùn á ṣí fúnra rẹ̀, yálà ẹnìkan ka àyọkà náà tàbí kò kà á. Kódà ẹni tó kà á lè má mọ̀. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé ìko ni wọ́n fi ń di àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí èdè rẹ̀ dán, tí ó sì to ìtọ́kasí mẹ́ta sí ìsàlẹ̀, olùyẹ̀wò tó jókòó sí London lè fọwọ́ sí i láìfura. Ìyá aláàdìrẹ ní Ìtòkú kò ní gbà: àdìrẹ oníko ni wọ́n ń fi ìko dì, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ ni kì í jẹ́ kí aró mu ojú ibẹ̀ nínú ẹlẹ́kọ. Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá ti dé orí Google, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, oníròyìn náà á dà á kọ (a kò yọ ara wa sílẹ̀), nígbà tó bá yá, ẹlòmíràn á wá tọ́ka sí ìwé ìròyìn náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún àyọkà kan náà tí oníròyìn ti dà á kọ.

Nítorí náà, dípò kí a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú ìdádúró kúrò, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìkàwé ìlú yìí máa kọ̀wé níbẹ̀ títí wọn yóò fi tó ẹni tí a ń fún ní iṣẹ́ ìyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ náà, a mọ̀. Òfin ìkànnì náà gba ìwé Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ìtọ́kasí, àmọ́ kí ni olùyẹ̀wò tí kò gbọ́ Yorùbá yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò? Títí irú àwọn olùyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yóò fi pọ̀, kí ẹni tó bá kọ àyọkà sọ ojú-ewé tí ó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sì túmọ̀ gbólóhùn tó ṣe kókó níbẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.