Ẹ má fi ọ̀dà tó le ju igi lọ kun ọkọ̀ àtijọ́

Èrò ọkàn mi nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí ìgbà ìrúwé tó wọlé tán tí oníkálùkù á máa sáré ra ọ̀dà: ẹni tó bá ní ọkọ̀ onígbòkun kékeré, tó jẹ́ onípákó, tó sì ti dàgbà, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀dà alágolo méjì fún un, ìyẹn èyí tí a ń po ohun inú agolo méjì pọ̀ kó tó lè gan. Ọ̀dà náà ń dán, mi ò jiyàn. Ó ń pẹ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó le ju igi lọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi kan tó ń kun mọ́tò ní Dagenham ló mú kí n kọ èyí. Ó wá wo ọkọ̀ mi níbi tí a gbé e gúnlẹ̀ sí létí odò Crouch, ní Essex níhìn-ín, ó fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà sí i. Èyí tí a ń po pọ̀ ni màá lò. Ẹ máa rí ojú yín nínú ẹ̀." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì dá a lójú. Àmọ́ irin mọ́tò kì í mu omi. Igi ń mu omi, ó ń wú, ó ń súnkì, kò sì sí ọ̀dà tó lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kan ọkọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Kí fáíbà tó gbòde, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké etíkun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn lọ́nà tí wọ́n ń pè ní clinker. Pákó òkè á gun etí pákó ìsàlẹ̀, a ó wá fi ìṣó bàbà gún àwọn méjèèjì pọ̀ láti ìta dé inú. Kì í sí gọ́ọ̀mù láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í sí òwú tí a kì bọ ojú ibẹ̀. Ohun tó ń dí omi ni igi fúnra rẹ̀: bó bá wọ omi á wú, pákó kan á tẹ pákó kejì, ojú á sì pa dé. Tí a bá gbé e sórí ilẹ̀ nígbà òtútù, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i títí, á súnkì, ojú á tún là díẹ̀. Ọdọọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀, títí ayé ọkọ̀ náà.

Ẹ wá fi ọ̀dà tó ti gan bíi dígí bo irú ara bẹ́ẹ̀. Pákó á sún, ọ̀dà ò ní sún. Á sán tẹ́ẹ́rẹ́ ní etí pákó, ìlà tí ojú lásán lè má tètè rí. Omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, á sì há sẹ́yìn ọ̀dà, torí ibi tó kù ti dí pa, kò sọ́nà tó máa gbà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: omi òjò ló ń jẹ́ kí igi ọkọ̀ jẹrà ju omi iyọ̀ lọ. Ìta á ṣì máa dán, ẹni tó ń kọjá á máa yìn ín, inú pákó á sì ti rọ̀ débi pé ìka á wọlé sí i. Lọ́jọ́ tí ọ̀dà yẹn bá tó ṣí, bí awẹ́ ńlá ló máa ń ṣí.

Ọ̀dà alágolo kan, irú gílọ́ọ̀sì ọkọ̀ ojú omi tó ń gbẹ fúnra rẹ̀ láìsí ohun tí a pò mọ́ ọn, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bá igi lọ díẹ̀. Tó bá sì sán, ẹ máa rí i, ẹ ó mú sáńpépà, ẹ ó ha ibẹ̀, ẹ ó kùn ún, ó parí. Lóòótọ́, ẹ ó tún un kùn lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta. Mo kà á sí àǹfààní. Ẹni tó bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan gbogbo ara ọkọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè á mọ ibi tí ìṣó ti ń tú àti ibi tí pákó ti ń là, kí ọ̀rọ̀ tó di ti káfíńtà.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ta ọ̀dà kì í tètè sọ. Èròjà tó wà nínú ọ̀dà alágolo méjì lágbára débi pé bí ẹ bá kùn ún lé ọ̀dà alágolo kan tó ti wà lára ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó lè mú kí ti ìsàlẹ̀ wú, kó sì hun jọ. Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ha gbogbo ti àtijọ́ kúrò kanlẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Tí ẹ bá tún fẹ́ yọ ọ̀dà líle náà lọ́jọ́ iwájú ńkọ́? Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un, ẹ̀rọ ìha nìkan ló kù. Pákó ọkọ̀ kékeré onípákó kì í fi bẹ́ẹ̀ nípọn, ọ̀pọ̀ ò ju mìlímítà 8 sí 10 lọ. Mélòó ni ẹ fẹ́ ha kúrò lára rẹ̀?

Mi ò bá ọ̀dà alágolo méjì ṣọ̀tá níbi gbogbo o. Lára fáíbà àti lára irin, òun ni ọba. Bákan náà ni ọkọ̀ plywood tí wọ́n fi epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, bo gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ Mirror tí Jack Holt àti Barry Bucknell ṣe ètò rẹ̀, tí ìwé ìròyìn Daily Mirror gbé jáde ní 1963, tí ìgbòkun rẹ̀ máa ń pupa. Wọ́n ti kan èyí tó lé ní 70,000. Plywood tí a fi wáyà bàbà rán pọ̀, tí a sì lẹ̀ ni, kì í wú, kì í súnkì bíi pákó gidi. Ẹni tó bá ní ọ̀kan tí ara rẹ̀ ṣì le lè gbọ́ ti àbúrò mi. Kìkì pé kó má fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà náà láìsí ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ibòmíràn, nítorí èròjà tí wọ́n ń pè ní isocyanate tó wà nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì àti rólà ni kó lò.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé ṣé gílọ́ọ̀sì tí a fi ń kun fèrèsé ilé ò lè ṣe é ni. Lókè ibi tí omi dé, ó lè ṣe é, bó bá jẹ́ ojúlówó, tó jẹ́ ti ìta ilé, tó sì jẹ́ èyí tí a ń bu tínà là, kì í ṣe omi. Ó kàn máa tètè ṣá ju ti ọkọ̀ lọ ni. Nísàlẹ̀ omi, rárá.

Èmi gbà pé owó tó yẹ kí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọ̀dà. Sáńpépà ni, àti ìbòmú tó dára, àti ọ̀dà àkọ́kùn tí ẹ máa bu tínà là kó lè wọnú igi. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ lè ní òjé nínú. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ láyé àtijọ́ fẹ́ràn ọ̀dà pupa olójé, kò sì burú fún igi, àmọ́ májèlé ni fún ènìyàn, pàápàá ọmọdé. 1992 ni Bìrìtéènì tó dá títà ọ̀dà olójé fún ará ìlú dúró. Nítorí náà, ẹ fi omi rẹ sáńpépà kí ẹ tó máa ha, kí eruku má bàa fò. Ẹ kó ohun tó bá bọ́ sínú ọ̀rá. Ẹ má gbé ọmọ wá síbẹ̀, ẹ má sì wọ aṣọ iṣẹ́ náà wọlé lọ gbé ọmọ.

Ìrì náà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin níhìn-ín, oòrùn lè ràn lọ́sàn-án kó dà bíi pé gbogbo nǹkan ti gbẹ, kí ìrì sì sọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó pa dídán ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí ti òwúrọ̀ gbẹ kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ti ṣíwọ́ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ìdí ọkọ̀ tí omi ń bò lọ́rọ̀ tirẹ̀, òun gan-an ló sì wà lọ́kàn mi jù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewédò á bò ó, àwọn ẹ̀dá onìkarawun kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ ò sì ní lè rìn mọ́. Bàbà ni wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ láti lé wọn. Ní 1761, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi awẹ́ bàbà bo ìdí ọkọ̀ HMS Alarm láti dán an wò. Bàbà náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u wò, ìṣó irin tó kan bàbà ti ń jẹ lọ nínú omi iyọ̀. Ohun kan náà ló fa ìkìlọ̀ tó wà lára agolo lónìí pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà oníbàbà kun alumíníọ̀mù, àti pé kí a kọ́kọ́ fi ọ̀dà àkọ́kùn tó nípọn bo irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1780, àwọn onísòwò ẹrú ní Liverpool náà tẹ́wọ́ gba bàbà, torí pé omi gbígbóná etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kún fún kòkòrò tó ń gbẹ́ igi ọkọ̀ jẹ. Bàbà jẹ́ kí ọkọ̀ wọn yára, ó jẹ́ kó pẹ́, ó sì jẹ́ kí òwò náà mú èrè wá. Ọmọ etíkun yẹn ni mí. Mi ò lè ṣí agolo ọ̀dà oníbàbà kí n má rántí rẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kí n gbàgbé.

Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí po tributyltin, tí wọ́n ń pè ní TBT, mọ́ ọ̀dà ìdí ọkọ̀. Kò sí ewédò tó lè dúró níwájú rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó lè dúró níwájú rẹ̀ náà. Ní Arcachon nílẹ̀ Faransé, oyster, ẹ̀dá onìkarawun inú omi tí wọ́n máa ń jẹ, kò bímọ mọ́, ìkarawun èyí tó kù nípọn, ó sì wọ́. Ní 1982, Faransé fòfin dè é fún ọkọ̀ tí kò tó mítà 25. Odò tí ọkọ̀ mi ń gbé yìí gan-an wà nínú ìtàn náà: ilé ìwádìí ìjọba lórí ẹja tó wà ní Burnham-on-Crouch wà lára àwọn tó fi hàn pé TBT ló ń ba oyster ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Lára ìgbín òkun tí wọ́n ń pè ní dogwhelk, abo bẹ̀rẹ̀ sí hu nǹkan ọmọkùnrin, ọ̀pọ̀ ò lè yé ẹyin mọ́. Ìwọ̀n májèlé tó fa gbogbo èyí kéré kọjá ohun tí ènìyàn lè fojú inú wò. Bìrìtéènì fòfin dè é fún ọkọ̀ kéékèèké ní 1987. Àdéhùn àgbáyé tó kan ọkọ̀ ńlá tẹ̀ lé e ní 2001, kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di 2008.

Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ bíi tèmi ló ṣe ìyẹn, nítorí kí ìdí ọkọ̀ lè mọ́. Ó ń dùn mí. Bàbà tí a ń lò báyìí kò burú tó TBT, ṣùgbọ́n májèlé ni òun náà, òun ṣáà ló ń pa ewédò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi tírélà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn tó bá ti wọ omi tán, kó má ra ọ̀dà oníbàbà rárá. Kó fi omi fọ ìdí rẹ̀, ó tó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbé nínú omi, bíi tèmi, kó lo èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọkọ̀ tí kì í sáré. Ọ̀dà ìdí líle tí a ń fọ̀ wà fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje, á sì máa nípọn lé ara rẹ̀ lọ́dọọdún títí á fi máa ṣí. Ẹẹ̀mejì ni kí ẹ kùn ún, kí ẹ tún un kùn ní ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé àti lára ìtọ́kọ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé tí ewédò fi ń hù jù. Ẹ má sì ha á ní gbígbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ ha bọ́ padà sínú odò.

Ní ti àwọ̀, mo mọ̀ pé búlúù tó ṣú dùn ún wò. Ẹ gbé ojú yín kúrò níbẹ̀. Àwọ̀ tó bá ṣú ń fa oòrùn mọ́ra, pákó òkè á gbẹ nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì rin, ojú á sì là níbi tí kò yẹ kó ti là. Funfun ni mo yàn, tàbí àwọ̀ wàrà bí funfun bá ń ta yín lójú. Funfun máa ń tú àṣírí ìpẹtà àti ibi tó sán, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa fa ìlà láàárín funfun àti ọ̀dà ìdí, ẹ má tẹ̀ lé ìlà tí akànkọ̀ fà lọ́jọ́ kìíní. Ọkọ̀ àtijọ́ ti mu omi, wọ́n ti kó nǹkan sí i lọ́dọọdún, ó ti wúwo ju bí wọ́n ṣe kàn án lọ, ó sì ń rì díẹ̀ sí i. Ẹ gbé ìlà náà sókè ní ínǹṣì kan tàbí méjì, kí ẹ sì bó téèpù kúrò kí ọ̀dà tó gan pátápátá.