Ẹ̀jẹ́ Ńlá Kọ́ Ló Ń Mú Kí Àdúrà Tètè Gbà

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì, pé bí ẹ̀jẹ́ bá ṣe tóbi tó ni àdúrà ṣe ń tètè gbà tó. Láti ibi ìkórè ní Ṣàgámù títí dé ibojì tí a mọ̀ sí ti Bilikisu Sungbo, obìnrin olókìkí inú ìtàn Ìjẹ̀bú, ní Òkè-Ẹ̀rí, ẹni tó ń wá ọmọ á ní òun yóò pa màlúù, ẹni tó ń wá físà á ní òun yóò kan òrùlé ilé ìjọsìn, bí ẹni pé Ọlọ́run ń dúró kí owó ọjà pé. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú hádíìsì tí Ibn Umar gbà wá, tí Bukhari àti Muslim sì kọ sílẹ̀, Ànábì Muhammad sọ pé ẹ̀jẹ́ kì í mú nǹkan yá, kì í sì í dá nǹkan dúró. Ohun tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ ahun ni. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, nítorí ẹni tó lawọ́ ti ṣe sàárà rẹ̀ kí ó tó rí ohun tó ń wá. Lóòótọ́, Àlùkùránì yin àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ́ wọn ṣẹ nínú Súrà 76, ẹni tó bá sì ti jẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

Àwọn Kìrìsítẹ́nì sábà máa ń di Hánà mú, pé ṣebí òun náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ kí ó tó bí Sámúẹ́lì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orí kìn-ín-ní ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní kà. Inú ọkàn rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, débi pé Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Kò sí ẹni tó gbọ́ ẹ̀jẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tó ń tọrọ gan-an ló ní òun yóò fi fún Olúwa. Níbi ìkórè tiwa, alága á gba màíkì, á ní ta ni yóò fi mílíọ̀nù kan ti iṣẹ́ Olúwa lẹ́yìn. Ọkùnrin kan á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rí i pé ẹlẹgbẹ́ òun ti dìde, òun náà á bá nàró, onílù á sì kì í. Èmi kò lòdì sí ìkórè, òun la fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa. Ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ nítorí ojú ayé ni mo ń bá wí. Ti Jẹ́fútà, jagunjagun Ísírẹ́lì, nínú Àwọn Onídàájọ́ 11 tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ẹ̀mí Olúwa ti bà lé e ní ẹsẹ 29 kí ó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní ẹsẹ 30, pé bí òun bá ṣẹ́gun, ohun tó bá kọ́kọ́ jáde nílé wá pàdé òun ni òun yóò fi rúbọ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló jáde, ẹkún lórí ọmọ náà sì ni ẹ̀jẹ́ náà fi kún ìṣẹ́gun rẹ̀.

Àwọn tí ẹ̀rù ń bà ló ká mi lára jù. Obìnrin tó ń ta gàrí jẹ́jẹ̀ẹ́ màlúù lọ́jọ́ tí àìsàn dá ọmọ rẹ̀ gúnlẹ̀. Ara ọmọ yá, owó kò sí, wọ́n wá ń sọ fún un pé bí kò bá san án, Ọlọ́run yóò gba ọmọ náà padà, ló bá lọ yá owó èlé. Léfítíkù 27:8 pàṣẹ pé bí ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ bá tálákà ju iye tí a dá lé e lọ, kí àlùfáà díye lé e ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, kàfárà (ìtánràn) ìbúra tí a kò mú ṣẹ náà ni kàfárà ẹ̀jẹ́: kí a bọ́ tálákà mẹ́wàá tàbí kí a dá aṣọ fún wọn, ẹni tí kò bá sì ní agbára ìyẹn yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kí obìnrin bẹ́ẹ̀ tọ àlùfáà tàbí ààfáà rẹ̀ lọ, kí ó sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an, kí ó sì béèrè èyí kí ó tó kan ilẹ̀kùn olówó èlé.