Zip lórí zip kò ní kí fáìlì máa kéré lọ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ló gbà pé bí èèyàn bá zip fáìlì, ìyẹn ni pé ó fún un pọ̀ kó lè kéré, tó tún zip ohun tó jáde, á máa kéré sí i ṣáá, owó dátà á sì máa dín kù. Àwọn mìíràn gbà pé ó kàn ku ẹni tó máa kọ áàpù tó lè fún fáìlì yòówù pọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò lè sí láé, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ gbọ́n tó, ìṣirò rẹ̀ kò sì le.

Gbogbo fáìlì, ìbáà ṣe lẹ́tà, ìbáà ṣe orin, 0 àti 1 ni kọ̀ǹpútà tò jọ. Abraham Lempel àti Jacob Ziv, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Technion, yunifásítì kan nílùú Haifa ní Ísírẹ́lì, ló gbé ọ̀nà tí a fi ń gé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ká lè fún un pọ̀ jáde ní 1977 àti 1978. Ti 1978 ni ká wò, torí bírò àti ìwé ti tó láti fi ṣe é. Ẹ máa kà á bọ̀ láti apá òsì. Gbàrà tí ohun tí ẹ kà kò bá ti jọ ègé kankan tí ẹ ti gé ṣáájú, ẹ gé e níbẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ mú 0100011011: ó di 0, 1, 00, 01, 10, 11, ègé 6. Ẹ wá mú òdo 10 tó tẹ̀ lé ara wọn: 0, 00, 000, 0000, ègé 4 péré.

Ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé àtijọ́ kan, tàbí òfo, tí a fi àmì kan ṣoṣo kún. Nítorí náà, nọ́ńbà ègé àtijọ́ yẹn àti àmì tuntun náà la máa kọ sílẹ̀. Òdo 5,050 á di ègé 100 géérégé. Bíìtì là ń pe 0 tàbí 1 kọ̀ọ̀kan. Bíìtì 7 tó fún nọ́ńbà, 1 fún àmì tuntun, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 800. Láti 5,050 sí 800! Irú èyí làwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi rò pé kò sí ibi tí kò lè dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká to gbogbo ọ̀rọ̀ 0 àti 1 tẹ̀ lé ara wọn, látorí alámì kan títí dé alámì mẹ́jọ, láìfo ọ̀kan. Àmì 3,586 ni. Tí a bá gé e, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á di ègé tirẹ̀, ègé 510 lápapọ̀. Bíìtì 9 fún nọ́ńbà, 1 fún àmì: 5,100. Ṣe ló wú.

Ẹnì kan á ní ká wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà yòówù tí ì báà jẹ́, ọ̀rọ̀ alámì 10 jẹ́ 1,024. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kúrú jù wọ́n lọ, àti òfo pàápàá, jẹ́ 1,023. Bí èrò 1,024 bá wọ ọkọ̀ oníjókòó 1,023, ó di dandan kí ẹni méjì jókòó sójú kan. Fáìlì méjì á wá di ohun kan náà. Tí a bá fẹ́ tú u, èwo ni kọ̀ǹpútà máa dá padà? Èyí tó tún wá yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú fáìlì tí gígùn wọn dọ́gba, kò tó 1 nínú 512 tí ọ̀nà kankan lè fi bíìtì 10 dín kù, bó ti wù kí wọ́n gùn tó.

Kí ló dé tí zip fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà? Torí ohun tí ọmọ èèyàn ń kọ kún fún àtúnsọ ni. Zip ń lo ọ̀nà Lempel àti Ziv ti 1977, ó sì fi ti David Huffman, ti 1952, tó ń fi bíìtì díẹ̀ kọ ohun tó bá wọ́pọ̀, kún un. Nígbà tó bá ti kó àtúnsọ kúrò, ohun tó kù kò ní àtúnsọ tó ṣe é mú mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ òdo lásán ló wà nínú fáìlì, ẹ̀ẹ̀kejì lè tún dín in kù. JPEG (fọ́tò), MP3 (orin) àti MP4 (fídíò) ní tiwọn, wọ́n ti fún wọn pọ̀ kí wọ́n tó dọ́wọ́ yín, ìdí nìyẹn tí zip kì í fi í rí nǹkan kan ṣe sí fọ́tò.

Tí WhatsApp bá sọ fọ́tò di kékeré, apá kan fọ́tò náà ló dà nù, kò sì sí bí ẹ ṣe máa rí i gbà padà. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi pásíwọ́ọ̀dù ti fáìlì pa, ẹ kọ́kọ́ fún un pọ̀, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dà á rú tán, zip kò ní rí àtúnsọ kankan níbẹ̀ mọ́.