Bí Ebi Bá Kúrò Nínú Ìṣẹ́: Òwe Kan àti Ìṣèlú Kamaraj ní Tamil Nadu

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A ti sọ òwe yìí di ẹ̀fẹ̀ ìdí àmàlà. Ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé á jẹun yó tán, á gbá ikùn pẹ́pẹ́, á ní ìṣẹ́ ti bùṣe. Àwọn tó kọ́kọ́ pa á kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìṣẹ́ ní ẹbí púpọ̀: àìríṣẹ́ṣe, àìrílégbé, àìmọ̀wé, ìtìjú. Nínú gbogbo wọn, ebi ni wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé jáde, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Olóṣèlú tí mo rí tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣèjọba gan-an kò gbọ́ òwe wa rí. Ará Íńdíà ni, K. Kamaraj lorúkọ rẹ̀. Òun ni olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Madras, tí à ń pè ní Tamil Nadu lónìí, láti 1954 sí 1963. Òwe yìí ló gbé e ga. Òwe yìí kan náà ló sì gbé e ṣubú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Virudhunagar, ìlú oníṣòwò kan ní gúúsù Íńdíà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, 1903. Bàbá rẹ̀ ń ta àgbọn. Ọmọ náà kò tíì dàgbà tí bàbá fi kú, kò sì pẹ́ tó fi kúrò níléèwé lọ máa bá arákùnrin ìyá rẹ̀ tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ìran Nadar ni wọ́n. Láyé àtijọ́, dídá ẹmu ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìran yìí, torí náà àwọn tó ka ara wọn sí ọmọ ẹni ńlá kì í jẹ́ kí wọ́n wọ tẹ́ńpìlì. Àmọ́ àwọn Nadar Virudhunagar ti kúrò nídìí ẹmu, wọ́n ti bọ́ sídìí òwò, wọ́n sì ní àṣà kan tó wù mí púpọ̀. Bí ìyá ilé bá fẹ́ dáná, á kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan sọ́tọ̀ kó tó da ìyókù sínú omi. Wọ́n á máa gba ìrẹsì yìí jọ láti ojúlé dé ojúlé, òun ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà iléèwé Kshatriya Vidyasala, níbi tí ọmọ kì í ti í san kọ́bọ̀. Níbẹ̀ ni Kamaraj ti kọ́ ìwọ̀nba ìwé tó kọ́. Ẹni tí ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì ará àdúgbò rán níléèwé kò nílò kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ṣàlàyé fún un pé ìkòkò àti pátákó ìkọ̀wé jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Ìjà òmìnira ló gba ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ. Ó wọ Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Íńdíà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé ní 1930 nítorí ìjà iyọ̀ tí Gandhi dá sílẹ̀, wọ́n tún tì í mọ́lé ní 1942, kò jáde títí di 1945. Ká ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí ọdún mẹ́sàn-án ló lò lẹ́wọ̀n. Kò fẹ́yàwó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò jinlẹ̀, Híńdì tí àwọn ará àríwá Íńdíà ń sọ kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ní 1940 ó ti di alága Congress fún gbogbo ilẹ̀ Tamil.

Lọ́wọ́ C. Rajagopalachari, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Rajaji, ni Kamaraj ti gba ìjọba. Ọlọ́pọlọ pípé ni Rajaji, agbẹjọ́rò ni, ṣùgbọ́n ní 1953 ó gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé máa lo wákàtí mẹ́ta péré ní kíláàsì lójúmọ́, kí wọ́n lo ìyókù ọjọ́ nídìí iṣẹ́ òbí wọn. Létí ọmọ agbẹjọ́rò, ó lè dùn. Ọmọ agbálẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa bó awọ òkú ẹran lọ ńkọ́? Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti yan ipò fún ọmọ kó tó dáyé, irú ètò bẹ́ẹ̀ á fi ìgbálẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ agbálẹ̀ títí láé. Àwọn alátakò pè é ní ẹ̀kọ́ ìran, ariwo sì pọ̀ débi pé Rajaji fi ipò sílẹ̀. Kamaraj bọ́ síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1954, ó fagi lé ètò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn iléèwé tí wọ́n ti tì.

Kí n tó dé orí ìkòkò, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. C. Subramaniam ló bá a du ipò olórí náà, ó sì fìdí rẹmi. Ẹni tó bá mọ ìṣèlú mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kamaraj pè é, ó fi í ṣe mínísítà, ó gbé ètò ẹ̀kọ́ àti ìṣúná lé e lọ́wọ́. M. Bhaktavatsalam tó wà lẹ́yìn Subramaniam náà di mínísítà. Gbogbo ìgbìmọ̀ náà, ènìyàn mẹ́jọ péré. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Iléèwé ti ṣí, ọmọ kò wá. Ìtàn kan wà tí àwọn ará Tamil Nadu ò yéé sọ. Wọ́n ní Kamaraj ń rin ìrìn àjò lọ, ó rí ọmọdékùnrin kan tó ń da ẹran, ó ní kí wọ́n dúró.

“Kí ló dé tí o ò sí níléèwé?”

“Bí mo bá lọ síléèwé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún mi lóúnjẹ?”

Bóyá bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn tàbí ẹnu ti dán an, ìbéèrè ọmọ náà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ń da ẹran olówó kì í gba owó gidi, oúnjẹ ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá tó rán an lọ kò kórìíra ìwé. Ó ka iye ẹnu tó wà nílé, ó rí i pé ẹnu kan gbọ́dọ̀ lọ jẹun níta. Ìwọ gómìnà, ìwọ kọmíṣọ́nnà, o lè bú ìyá yẹn lórí rédíò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí abọ́ ìrẹsì kan bá wà níléèwé lọ́sàn-án, o ti ra ọmọ náà padà lọ́wọ́ ẹni tó ni màlúù.

Ohun tí Kamaraj ṣe nìyẹn ní 1956. Owó kò tó, kò sì fi àìtó owó ṣe àwáwí. Ìjọba gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó, àwọn ará ìlú dá ìyókù. Ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́, N. D. Sundaravadivelu, ń ti abúlé kan bọ́ sí èkejì, wọ́n ń ṣe ìpàdé, ará abúlé ń gbé bẹ́ǹṣì wá, wọ́n ń gbé sílétì wá, wọ́n ń gbé ìkòkò wá. Ìrẹsì àti sambar ni wọ́n ń bù fún àwọn ọmọ, ìyẹn ọbẹ̀ òtílì tí wọ́n fi àjàgbọn mú kan díẹ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kò hàn sí ojú tó ń kánjú. Ní ìlú tí ìran kan kì í ti í bá ìran kejì jẹun, àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, ṣíbí kan náà ló sì ń bu ọbẹ̀ sí àwo ọmọ Brahmin, ìran tí wọ́n kà sí àgbà gbogbo ìran, àti ti ọmọ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ tẹ́ńpìlì. Ìwàásù melòó ló lè ṣe èyí?

Ó tún sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ dé òpin iléèwé gíga, ó sì fún àwọn ọmọ ní aṣọ iléèwé, torí pé aṣọ ni ọmọdé kọ́kọ́ fi ń mọ olówó.

Wọ́n tún sọ ìtàn kan nípa ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń gbé ní Virudhunagar, ọmọ rẹ̀ ń fi 120 rúpì ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fa ẹ̀rọ omi wọ ilé ìyá olórí ìjọba, ni Kamaraj bá ní kí wọ́n yọ ọ́, kí ìyá òun lọ máa pọn omi níbi tí gbogbo ìlú ti ń pọn ọ́n. Gbogbo ènìyàn máa ń yin èyí. Èmi ò bá wọn yìn ín tán. Ìyá arúgbó ni, ọmọ kan ṣoṣo tó ní lọ́kùnrin kò sì fún un ní ìyàwó àti ọmọ-ọmọ tí ì bá máa bá a pọn omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n wọlé ìbò ni ọ̀dà títì yà sí àgbàlá ìyá wọn, mo máa ń gbé ẹnu dákẹ́.

Àwọn ìwé ìtàn á ka ìsédò Vaigai àti Sathanur fún yín, wọ́n á ka àwọn ilé iṣẹ́ tó gbèrú ní Guindy àti Trichy. Ẹ lọ kà wọ́n níbẹ̀. Ní tirẹ̀, ẹni tí kì í sọ púpọ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bẹ̀ wá, “Parkalam” ni, pé ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ní 1963, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lé e, ó ní òun fẹ́ fi ipò sílẹ̀. Ó bá Nehru, olórí ìjọba Íńdíà, sọ ọ́ pé Congress ti jẹ ìjọba pẹ́ jù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti lẹ̀ mọ́ àga, kí wọ́n dìde padà sáàárín àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ ìbí Gandhi, ó sọ̀ kalẹ̀. Ètò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè yìí mú olórí ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fà àti mínísítà àpapọ̀ mẹ́fà kúrò lórí àga. Kò sí àní-àní pé àwọn kan fi í lé ọ̀tá wọn jáde. Síbẹ̀, ẹni tó dá àbá náà ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò.

Wọ́n fi í ṣe alága Congress fún gbogbo Íńdíà. Nehru kú ní oṣù Karùn-ún 1964, ọwọ́ Kamaraj ni wọ́n wò, Lal Bahadur Shastri sì di olórí ìjọba Íńdíà. Shastri kú ní Tashkent ní oṣù Kìíní 1966, wọ́n tún wo ọwọ́ rẹ̀, ó gbé Indira Gandhi kalẹ̀ dípò Morarji Desai. Wọ́n bi í léèrè nígbà náà pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ ẹ́. Ó ní kò sí Híńdì, kò sí Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni? Afọbajẹ tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ibí gan-an ni mo ń bọ̀. Ní 1967 ìbò dé. Òjò ti kọ̀ fún ọdún méjì, oúnjẹ wọ́n ní Íńdíà, ìrẹsì di góòlù ní Madras. Subramaniam, tí Kamaraj gbé dìde, ti di mínísítà oúnjẹ fún Íńdíà. Òun ló ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù irúgbìn wíìtì wá láti Mẹ́síkò ní 1966, irúgbìn tó padà bọ́ orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n irúgbìn kì í mọ ọjọ́ ìbò. Ìjọba àpapọ̀ tún fẹ́ fi Híńdì ṣe èdè ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Tamil fárígá ní 1965, àwọn kan dáná sun ara wọn. DMK, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Tamil tó ń ta ko Congress, jáde, wọ́n ní bí àwọn bá wọlé, rúpì kan á ra òṣùwọ̀n ìrẹsì mẹ́ta.

Kamaraj díje nílùú tí wọ́n bí i sí. Ẹni tí DMK fà kalẹ̀ ni P. Seenivasan, ọ̀dọ́ tó wà lára àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́. Ìbò 1,285 ló fi na Kamaraj. Ẹ ro ó wò. Ọmọ tó jẹ ìrẹsì 1956 ní kíláàsì kejì kò tíì tó ẹni tó ń dìbò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rí ìwé kà lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó. Iléèwé tí Kamaraj ṣí ló kọ́ wọn débi tí wọ́n fi lè bi ìjọba àpapọ̀ ní Delhi léèrè pé ta ló ní kí àwọn máa sọ Híńdì. Ẹni tó bá lé ebi kúrò nínú ikùn ọmọ ti yọ̀ǹda ọpọlọ ọmọ náà láti ro ohun mìíràn, ó sì lè jẹ́ ìwọ gan-an ni yóò rò pé kó lọ.

Àwọn kan máa ń pe èyí ní àìmoore. Èmi ò gbà. A kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í. Ìrẹsì tí olóṣèlú ń pín ní alẹ́ ọjọ́ tí ìbò ku ọ̀la, ó lóṣòó tì í ni, ó ń ka àpò. Kamaraj kò kọ orúkọ rẹ̀ sára ìkòkò, torí náà kò sí gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé lójoojúmọ́ ni ebi ń pa ènìyàn. Èyí tí o lé lọ ní 1956 ti padà dé ní 1966, ẹni tó bá sì wà lórí àga ni yóò dáhùn. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún DMK náà: nígbà tí C. N. Annadurai, olórí wọn, gorí àga, òṣùwọ̀n kan ni rúpì rà, kò sì kárí. Ó sàn kí olóṣèlú mọ èyí láti ọjọ́ kìíní ju kó máa ṣépè fún àwọn olùdìbò lọ.

Kamaraj kò jókòó ká gúlútú lẹ́yìn ìbò náà. Ní 1969 ó wọlé sí pálámẹ́ǹtì láti Nagercoil. Ọdún náà ni Congress pín sí méjì. Ó wà níhà kan, Indira tó gbé sórí oyè wà níhà kejì, ti Indira ló sì borí. Ó kú sílé tó háyà ní Madras ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, 1975, ọjọ́ tó ṣe ọdún méjìlá géérégé tó ti fi ipò sílẹ̀. Owó díẹ̀, aṣọ díẹ̀ àti ìwé ni wọ́n bá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Íńdíà fún un ní Bharat Ratna, oyè tó ga jù ní orílẹ̀-èdè náà.

Láti 1967, Congress kò tún dá ṣèjọba ní Tamil Nadu mọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò kò sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. M. G. Ramachandran, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tí ebi pa gan-an nígbà èwe tirẹ̀, sọ oúnjẹ ọ̀sán náà di ńlá ní 1982. Ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, M. K. Stalin ti ẹgbẹ́ DMK, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà, fi oúnjẹ àárọ̀ kún un, upma gbígbóná kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un dé àwọn iléèwé abúlé tí ìjọba ń ṣèrànwọ́ fún ní 2024, DMK yìí kan náà wo kàlẹ́ńdà, wọ́n mú ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọjọ́ ìbí Kamaraj.