Ẹ má ka ọkọ̀ tó rì nìkan, ẹ ka èyí tí kò lè jáde

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. (Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, okun là ń kí ara wa, kì í ṣe òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkun gan-an ni mo gbé wá lónìí.)

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Kàbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, mo jókòó sórí ògbólógbòó táyà, mò ń retí. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ogun, ni bàbá méjì tó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ogun ojú omi rẹ̀ pọ̀ jù, àti èyí tí tirẹ̀ lè gbé bàálù. Ọ̀kan ń ka iye, èkejì ń pariwo pé irọ́ ni. Àgbà ni wọ́n sí mi, mo panu mọ́. Ibí ni màá ti sọ tèmi.

Tèmi ni pé láti ìgbà tí ogun Hitler ti parí, ọkọ̀ ogun tí tọ́pídò (bọ́ǹbù gígùn tó ń sáré lábẹ́ omi lọ bá ọkọ̀) rì lójú ogun kò pọ̀ rárá. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ abẹ́ omi ń ṣe jù ni pé ó ń sọ ọkọ̀ ńláńlá di ẹran ìso.

Ẹ wo ogun erékùṣù Falklands láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1982, ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì kan, HMS Conqueror, yin tọ́pídò mẹ́ta sí General Belgrano, ọkọ̀ ogun Ajẹntínà. Méjì bà á. Èèyàn 323 kú. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ọmọ àná o. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ni ín, ó sì wà ní Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ tí àwọn ará Japan wá rọ̀jò bọ́ǹbù síbẹ̀ ní 1941, ó bọ́. Irú tọ́pídò tí wọ́n ti ń lò láti ayé ogun Hitler ló wá pa á. Tuntun wà nínú Conqueror, ọ̀gá ọkọ̀ ni kò fọkàn tán an. Ẹni tó bá ti ra páàtì tuntun nínú páálí rí, tó tún sáré padà lọ wá tòkunbọ̀, á mọ ohun tó ṣe ọkùnrin náà.

Wọ́n ṣì ń jiyàn dòní lórí bóyá ó tọ́ kí wọ́n yìn ín, torí ìta ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pa, pé ọkọ̀ tó bá wọ ibẹ̀ lòun á yìn, ni Belgrano wà. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bá lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò: àwọn ọkọ̀ ogun ńlá Ajẹntínà yí orí padà sí etíkun wọn, títí kan èyí tó ń gbé bàálù, wọn kò sì kojú Gẹ̀ẹ́sì lójú omi mọ́ títí ogun fi parí. Ọ̀kan rì, ìyókù di ẹran ìso.

Ẹ wá gba ẹ̀yìn wò ó. Ajẹntínà náà ní ọkọ̀ abẹ́ omi kan tó ń jẹ́ San Luis, èèyàn bíi 35 ló wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó fi ń darí tọ́pídò ti bàjẹ́. Gbogbo èyí tó yìn, kò sí ọ̀kan tó ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá ń ka ọkọ̀ tó rì, òfo ló máa kọ sílẹ̀ fún un. Àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fojú kan oorun. Hẹlikọ́pítà ń gbéra tọ̀sán-tòru, wọ́n ń da tọ́pídò àti bọ́ǹbù sí ohunkóhun tó bá ti dún lábẹ́ omi. Àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n yìn. Ẹja tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀! San Luis sì padà sílé láìfarapa.

Báwo ni wọn kò ṣe rí i? Mẹkáníìkì mi ló fi hàn mí láìmọ̀. Ó mú sukuduráfà gígùn, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, ó fi èèkù rẹ̀ sí ihò etí, ó dijú. Ó ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa. Ó ní kí àwọn bàbá dákẹ́. (Wọ́n dákẹ́ o. Èmi kò tó bẹ́ẹ̀.) Ó gbé sukuduráfà lọ síwá, ó gbé e sẹ́yìn, ó wá ní, "Bíárìn ni."

Bí wọ́n ṣe ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi náà nìyẹn. Ojú kì í ríran jìnnà nínú omi òkun, rádà kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìró nìkan ló kù, ó sì ń sáré bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ju ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ. Àmọ́ ìró kì í rìn tààrà lábẹ́ omi. Ẹni tó bá ti dúró sórí òkè Patti ní Lọ́kọ́ja á ti rí i bí Ọya àti Bẹ́núé ṣe ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí àwọ̀ wọn kò tètè pọ̀ mọ́ra. Òkun náà ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ dùbúlẹ̀ ni: omi gbígbóná lókè, tútù nísàlẹ̀. Bí ìró bá dé ibẹ̀, ó ń tẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi tó bá gbọ́n á kó sábẹ́ ààlà yẹn, á pa ẹ́ńjìnnì, á máa fi bátìrì rìn. Ẹni tó ń wá a lè pariwo sínú omi kó gbọ́ bí ohùn ṣe máa padà wá, ṣùgbọ́n ó ti sọ ibi tó wà fún ọ̀tá nìyẹn.

Tọ́pídò gan-an kì í sábà nílò kó lu ara ọkọ̀ mọ́. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń bú gbàmù. Omi àti atẹ́gùn á gbé ọkọ̀ sókè láàárín, á tún jábọ́ sínú ihò tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣẹ́ bí ẹni fi orúnkún ṣẹ́ igi ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni Cheonan, ọkọ̀ ogun Gúúsù Kòríà, ṣe pín sí méjì ní 2010 tí èèyàn 46 kú. Àwọn olùwádìí sọ pé Àríwá Kòríà ló yin tọ́pídò náà, Àríwá Kòríà ní òun kọ́.

Ìyá ìyá mi, ọmọ Ìsánlú, kò rí òkun títí tó fi kú. Ó máa ń sọ pé nígbà ogun Hitler, ṣíbí ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀ tà, àwọn kan sì ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló ń rì ọkọ̀ ọjà lójú omi nígbà náà. Ọ̀kan rì Abosso, tó máa ń kó èrò láàárín Liverpool àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942. Èèyàn 362 bá a lọ. Ìyá kò gbọ́ orúkọ tọ́pídò rí, ṣùgbọ́n ó dé inú ìkòkò wọn.

Ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé èmi náà ń gbé lójú ọ̀nà tí ohun tí a kò rí ti sọ di ahoro. Àwọn tó ń dáko lápá ibẹ̀ fi iṣu sílẹ̀ nínú ebè, ó jẹrà síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ààbò bá délẹ̀, wọ́n á ka iye ẹni tí wọ́n jí gbé fún wa, wọ́n á ní ó ti dínkù sí ti èṣí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá tí wọ́n máa jí gbé? Ta ló ń ka ọkọ̀ tí kò kúrò ní páàkì?

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni wọ́n tó parí ọkọ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì ń dún bí tuntun, epo kún táńkì, Lọ́kọ́ja kò sì jìnnà. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní páàkì, wọ́n ní nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo yí orí ọkọ̀ padà, mo lọ sùn sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Kàbà.