Wọ́n ní ká máa tọ́jú ṣọ́jà, ká panu mọ́

Àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ó rí fọ́tò tí mo gbé síta, èmi àtàwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tá a gbé páálí dání níwájú ọsibítù VA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà rí, ló bá kọ ọ́ sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni? Pẹ̀lú gbogbo dọ́là yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣe rò ó náà nìyẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ yúníọ̀n báyìí, owó ló ń sọ sí wọn lọ́kàn.

A ò daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ wa láti bá ọ̀gá dúnàádúrà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa la torí ẹ̀ jáde. A ò tiẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ò gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà láyè, lọ́dún 1981 tí àwọn tó ń darí bàlúù láti orí ilẹ̀ dán an wò, Ààrẹ Reagan lé àwọn tó ju 11,000 lọ dànù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó oṣù wa ńkọ́? Ìyẹn náà ò sí nínú ohun tí wọ́n gbà ká dúnàádúrà lé lórí, òfin ti yọ ọ́ kúrò. Kí ló wá kù? Ohun tó kù, nígbà tí àdéhùn wa ṣì wà, ni bí wọ́n ṣe máa pín ṣíífútì àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ fún ẹ kí wọ́n tó yí i padà, bí wọ́n ṣe lè gbé ẹ láti wọ́ọ̀dù rẹ lọ sí wọ́ọ̀dù tí o ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, ohun èlò tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ kó o má baà gba àìsàn, àti pé tí ọ̀gá bá pè ẹ́ sí ọ́fíìsì kó wá kọ kuérì fún ẹ, ẹnì kan á jókòó tì ẹ́. Ẹnu la ní. Owó kọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan. Ní ọsibítù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, oúnjẹ mi ṣì wà níbẹ̀), ẹ̀rọ tá a fi ń gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bàjẹ́. Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, a ò rí ẹnì kankan. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ja ogun Vietnam, ṣúgà ti jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sanra, ó sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, tó bá ti rí mi á ní "Nọ́ọ̀sì Lagos" bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ fún un títí pé mi ò kì í ṣe ará Èkó. Lóru ọjọ́ kan èmi àti nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ gbé Bàbá yìí, ó yọ̀ lọ́wọ́ wa, díẹ̀ ló kù kó forí gbálẹ̀. Èmi ni mo fi ẹ̀yìn gbà á. Títí di òní, tí òtútù bá mú, mo máa ń rántí òru yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ni ọ̀gá sọ? Ó ní mi ò gbé e bó ṣe yẹ. Wọ́n fẹ́ fún mi ní kuérì. Ẹ gbà mí! Aṣojú yúníọ̀n wa, ìyá dúdú kan tí kì í pariwo, bá mi wọlé sí ọ́fíìsì yẹn, ó gbé ìwé àdéhùn sórí tábìlì, ó wá ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yẹn jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwa nọ́ọ̀sì ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn! Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rọ tuntun dé. Mi ò rí kọ́bọ̀ kan lé owó oṣù mi o, Bàbá ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn ló jèrè.

Ìwé tí ìyá yẹn gbé sórí tábìlì ni wọ́n ti ya báyìí.

Bó ṣe lọ rèé. Ní March 27, 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó yọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba kúrò lábẹ́ òfin tó fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dúnàádúrà, VA tó ń tọ́jú àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì sì wà nínú wọn, ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni ààbò orílẹ̀-èdè. Adájọ́ kan ní California dá a dúró ní June, kóòtù tó jù ú lọ sì ká ìdádúró yẹn kúrò ní August 1. Nígbà tó máa fi di August 6, VA ti fagi lé àdéhùn tó bá àwọn yúníọ̀n ṣe, ti AFGE, tiwa nọ́ọ̀sì tó wà nínú NNU, ti SEIU àti tàwọn tó kù. Àdéhùn AFGE yẹn, ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọwọ́ lù ú, kò tíì gbó rárá.

Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ẹ̀gàn nìyí. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀, àdéhùn tiwọn ò bà jẹ́. Àwọn wo? Ọlọ́pàá VA, panápaná, àtàwọn gáádì. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ló wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣé ẹni tó gbé ìbọn dání ló yẹ kó fi ọkàn balẹ̀, kó wá jẹ́ èmi tí mò ń gbé póò aláìsàn ló jẹ́ ewu fún Amẹ́ríkà? Àbí kí ni? Ìwé tí White House fi ṣàlàyé àṣẹ náà sì jẹ́ ká mọ nǹkan tó ń dùn wọ́n, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn yúníọ̀n kan ti kéde ogun sí ètò Ààrẹ. Ẹni tó pe Ààrẹ lẹ́jọ́ ni wọ́n ń bá wí, ààbò kọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń sọ. VA ní lọ́dún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ lo wákàtí tó ju 750,000 lọ fún iṣẹ́ yúníọ̀n lórí owó ìjọba, wọ́n sì ní àyè tí yúníọ̀n gbà nínú ilé wọn pọ̀. Mo gbà. Èmi gan-an mọ aṣojú kan tó jẹ́ pé ìgbàkigbà tí o bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ̀pà ló ń jẹ. Mo sì mọ nọ́ọ̀sì kan tó yẹ kó ti lọ sílé tipẹ́ tí yúníọ̀n ṣì ń gbà sílẹ̀. Àmọ́ ṣebí àwọn àgbà wa ló ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tí wákàtí bá pọ̀ jù, ẹ pè wá ká jókòó ká dín in kù, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ ìdúnàádúrà jàre.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀gá nìkan ti tó láti máa ṣọ́ ilé yẹn, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù VA tó wà nílùú Phoenix ní 2014. Àwọn ọ̀gá níbẹ̀ ń fi orúkọ àwọn ṣọ́jà tó ń dúró de dókítà pamọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀, kó lè dà bíi pé wọn ò pẹ́ lórí ìlà, àwọn kan sì kú lórí ìlà náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló figbe ta, dókítà wà nínú wọn, nígbà tó sì di ìparí May, Shinseki tó jẹ́ mínísítà VA nígbà yẹn kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹni tí ò ní alátìlẹyìn, tó ní gbèsè ilé (mọ́géèjì) láti san àti ọmọ níléèwé, ṣé ẹ rò pé á tún lágbára àtifigbe ta?

Iṣẹ́ náà sì ń pọ̀ sí i. Láti August 2022 tí òfin kan tí wọ́n ń pè ní PACT ti mú kí ìtọ́jú VA gbòòrò dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà tó fa èéfín pàǹtí tí wọ́n ń sun ní Iraq àti Afghanistan símú, ń ṣe ni wọ́n ń ya wọlé. Lọ́dún 2025, ìjọba ní òun fẹ́ dín òṣìṣẹ́ VA kù pẹ̀lú 80,000, wọ́n tún wá sọ ọ́ di 30,000, tí àwọn èèyàn á kàn máa fẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ó ju ẹnì kan lọ nínú òṣìṣẹ́ VA mẹ́rin tó jẹ́ pé òun náà ti ṣe ṣọ́jà rí, ìyẹn ni pé àwọn ṣọ́jà tí wọ́n láwọn ń gbèjà wà nínú àwọn tí wọ́n gba ẹnu lọ́wọ́ wọn.

Fún àwa tá a tilé wá, ó tún ní bó ṣe rí lára wa. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í dá àgbà lóhùn, ní ọsibítù tí mo ti kọ́ṣẹ́ nílé, tí mátírọ́ọ̀nù bá ń bọ̀, ńṣe là ń fara pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú yúníọ̀n ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe lè sọ fún ọ̀gá pé "rárá mà, eléyìí léwu" pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì tún padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ní December 2025, Ilé Aṣojú-ṣòfin dìbò 231 sí 195 láti dá ẹ̀tọ́ náà padà, ogún nínú àwọn ẹgbẹ́ Ààrẹ fúnra wọn bá wọn dì í. Ó wá ku Sẹ́nétì. Mo ti pe ọ́fíìsì àwọn sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ mi méjèèjì, ọmọdé kan ló gbé e, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ìwé ọmọ onílùú, ẹ pè wọ́n náà, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ ìgbéni kan tún dákẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti aago sí i, mo fọwọ́ sí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa dúró tì mí, ó wo bébà yẹn, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ta lẹ wá máa fún?"